Ẹni Tó Ń Fi Ẹ̀yìn Rìn Lórí Àpáta

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n, mo kí yín ní orúkọ Olúwa. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tó jí wa lónìí, tó sì fi èémí sí wa nínú. Ẹ fara balẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí onífọ́tò kan.

Ojú Àṣá ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí kò sí ohun tí ojú rẹ̀ kì í rí. Ó mọṣẹ́, ṣùgbọ́n agbéraga ni, ọtí ló sì fi ń ṣíjú láàárọ̀. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí, ó sú u, ó kó àwọn ọmọ lọ sílé ìyá rẹ̀.

Lọ́dọọdún ni ẹgbẹ́ àwọn onífọ́tò máa ń kóra jọ fún ọjọ́ mẹ́ta, láti fi iṣẹ́ han ara wọn. Lọ́dún yìí, ilé àlejò kan lẹ́bàá àpáta gíga ni wọ́n lọ. Láti ọjọ́ kìíní ni ojú ọ̀run ti ṣú, òjò kò sì rọ̀. Ewé kan kò mì. Àwọn ẹyẹ pàápàá dákẹ́.

Àgbà onígbàgbọ́ kan nínú ẹgbẹ́ náà, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Pásípọ́ọ̀tù nítorí fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ló máa ń yà, ni wọ́n fi sí yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Àgbà yìí rí i tó ń da ọtí sínú ife ìfọnu.

"Àbúrò, ọkàn mi ò balẹ̀ lórí ẹ. Bó o bá kú lónìí ńkọ́?"

Ojú Àṣá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ní kí gbogbo ayé má rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò, ẹ tún fẹ́ kí n má mu!"

"Jésù ló ń pè ọ́ o."

"Ẹ bá mi sọ fún un pé mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Kó ní sùúrù."

Ẹ̀rù ba àgbà náà.

Àṣà ẹgbẹ́ wọn ni pé, lọ́jọ́ kẹta, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dára jù ni yóò ya gbogbo wọn pọ̀. Ojú Àṣá ni wọ́n mú. Ogún èèyàn tò sórí àpáta. Ó gbé kámẹ́rà sójú. Ẹni méjì ní ìkángun kò wọ inú fọ́tò. Ó sún sẹ́yìn. Ó ku ẹnì kan. Ó tún sún sẹ́yìn.

"Dúró!" ni wọ́n pariwo.

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ dúró! Ẹ má mira!"

Gbogbo wọn ló rí etí àpáta lẹ́yìn rẹ̀. Òun nìkan ni kò rí i. Ó tún gbé ẹsẹ̀ sẹ́yìn, kò sì bá ilẹ̀.

Igi tín-ín-rín kan tó hù lára àpáta ló dì mú. Kámẹ́rà já bọ́; ó pẹ́ kó tó gbọ́ ìró rẹ̀ nísàlẹ̀. Gbòǹgbò igi bẹ̀rẹ̀ sí í tú.

"Jésù, má fi ti ẹnu mi ṣe! Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí! Ṣàánú mi!"

Bàbá Pásípọ́ọ̀tù dojú bolẹ̀, ó gbá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Àwọn yòókù di àgbà náà lẹ́sẹ̀ mú, wọ́n fà wọ́n gòkè. Igi náà ti tu kí wọ́n tó fà á dé òkè.

Orí àpáta yẹn ló kúnlẹ̀ sí, tó fi ayé rẹ̀ fún Kristi. Kò fẹnu kan ọtí mọ́. Ìyàwó rẹ̀ kò tíì padà, ṣùgbọ́n ó ti gbà kó máa wá bá àwọn ọmọ gbàdúrà.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Bóyá o rí àléébù gbogbo èèyàn kedere, bẹ́ẹ̀ o ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sínú ìparun. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ ti pariwo títí, ohùn wọn ti há. Kì í ṣe etí gbogbo àpáta ni igi ń hù sí o. Má ṣe sọ pé ó di ọ̀la. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ, ké pe Jésù nísinsìnyí.

Kí Olúwa tó ń pa ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ mọ́ má jẹ́ kí tìrẹ yọ̀. Kí ó nawọ́ mú ọ, kí ó sì fi àlàáfíà rẹ̀ kún ilé rẹ. Àmín.