Ẹni Tó Kọ́kọ́ Gba Ojú Fèrèsé Jáde

Gbalaja ni káfíńtà nà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ rí i. Ó dijú, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà láyà, àwọn ọmọ ìjọ bíi mélòó kan dúró tì í, wọ́n ń làágùn, wọn ò rí i gbé.

Nọ́ọ̀sì ló ń kọ́ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn nínú ìjọ bí wọ́n ṣe máa ran àwọn ará àdúgbò lọ́wọ́: bí wọ́n ṣe ń gbé aláìsàn, bí wọ́n ṣe ń kanlẹ̀kùn onílẹ̀kùn láìjẹ́ pé ìwàásù ni wọ́n bá wá. Ó pẹ́ dé lọ́jọ́ náà. Kó tó dé, wọ́n ti bẹ káfíńtà tó wá tún bẹ́ǹṣì ṣe pé kó ṣe aláìsàn fún wọn.

"Ẹ má fà á lápá," ni nọ́ọ̀sì wí látẹnu ọ̀nà. "Apá èèyàn kì í ṣe okùn."

Káfíńtà la ojú kan. "Ẹ ṣeun, nọ́ọ̀sì. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mi ò tíì kú. Pósí ni mò ń kàn, mo mọ òkú tí mo bá rí i."

Ẹ̀rín sọ. Àbúrò nọ́ọ̀sì, tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ló rín tirẹ̀ jù.

Nígbà tí wọ́n túká, káfíńtà dá dúró, ó ń fá bẹ́ǹṣì. Ibẹ̀ ló ti sọ fún nọ́ọ̀sì pé ìyàwó òun pẹ́ lórí àìsàn kó tó kú, ní àdúgbò ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì yìí náà. Àwọn ará ìjọ wá, wọ́n gbàdúrà, wọ́n kọrin, wọ́n lọ. Kò sẹ́ni tó fọ abọ́ kan. Kò fi ìbínú sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló dun nọ́ọ̀sì. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó wá sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun. Ó wá, ó sọ ọ́, gbogbo wọn dorí kodò. Láti ọjọ́ náà ló ti di ọ̀kan nínú wọn.

Wọ́n jọ ń wọ ilé kiri. Bí nọ́ọ̀sì bá ń di egbò, káfíńtà á máa tún ilẹ̀kùn tó yẹ̀ kàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ń fọwọ́ nídìí ẹ̀rọ omi, ó bi nọ́ọ̀sì léèrè pé, "Ta ló ń tọ́jú ìwọ náà bó bá rẹ̀ ọ́?"

Nọ́ọ̀sì tún bu omi sọ́wọ́ tó ti mọ́.

"Ó dáa, àyànfẹ́. Rò ó wò."

"Mo ti di àyànfẹ́ kí n tó dáhùn?"

"Iṣẹ́ tó bá wù mí, mi kì í dúró dìgbà tí wọ́n bá pè mí."

Kò pẹ́ tí nọ́ọ̀sì fi gbà láti fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bàbá nọ́ọ̀sì, alàgbà ìjọ, kò fẹ́ gbọ́. Ó ní ẹni tó ń retí òkú kó tó jẹun kò ní di àna òun. Tíṣà nìkan ló ń bá wọn bẹ̀bẹ̀. Ó sọ fún bàbá pé kò sí bí gbogbo ilé ò ṣe ní di oníbàárà ọkùnrin náà. Bàbá ò rẹ́rìn-ín.

Ìgbà òjò ni àgbàrá ya wọ àdúgbò ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tí nọ́ọ̀sì kọ́ níṣẹ́ jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló pín wọn sílé-sílé, òun ló sì ní kí tíṣà àti káfíńtà lọ gbé ìyá àgbà kan tí orúnkún ò jẹ́ kó rìn. Omi ti há ilẹ̀kùn mọ́. Tíṣà gba ojú fèrèsé wọlé, káfíńtà dúró níta nínú omi. Ó gba ìyá náà lójú fèrèsé, ó pọ̀n ọ́n lọ sórí ilẹ̀ gíga. Ó ń padà bọ̀ kó lè fa tíṣà jáde ni ògiri wó.

Ó fọwọ́ wa ẹrẹ̀ títí èékánná rẹ̀ fi ṣí. Òkú tíṣà ni wọ́n gbé jáde.

Káfíńtà fúnra rẹ̀ ló kan pósí. Ó gbé e dé ilé alàgbà. Alàgbà ní kó gbé e sílẹ̀, kó sì máa lọ, pé ó gbé ìyá oníyàá, ó fi ọmọ òun sílẹ̀. Káfíńtà gbé e sílẹ̀, ó lọ. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, kò lè wo ojú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ dúró. Nọ́ọ̀sì ò kanlẹ̀kùn ẹnikẹ́ni mọ́. Bó bá ti fẹ́ sùn, ohùn ara rẹ̀ ló ń gbọ́ níbi tó ti ń rán àbúrò rẹ̀ lọ.

Ìyá àgbà tó yè ló wá sílé wọn, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló gbé e wá. Ó ní ọ̀rọ̀ kan ń jẹ òun lọ́kàn.

"Alàgbà, ọmọ yín ni káfíńtà kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ó ní kó jáde, kí òun wọlé wá gbé mi. Ọmọ yín kọ̀. Ó ní òun ò ní jáde kí n tó jáde."

Bàbá bojú. Nọ́ọ̀sì ti bọ́ sójú ọ̀nà. Ní ṣọ́ọ̀bù ló bá káfíńtà.

"Kí ló dé tí o ò sọ ọ́?"

Ó gbé ayùn sílẹ̀. "Bí mo bá sọ ọ́, ẹ̀bi ni mo dì, tí mo gbé ru òkú."

Ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ti sunkún tí kò rí sun láti ọjọ́ ìsìnkú. Káfíńtà dì í mú, kò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́.

Wọ́n tún ṣí ẹ̀kọ́. Wọn ò pọ̀. Lọ́jọ́ kan alàgbà wọlé, ó jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé arúgbó.

Ìgbéyàwó náà kò ní ariwo. Lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀ ni, àwọn ará ilé díẹ̀ ló dúró. Alàgbà mú ọwọ́ ọmọ tó kù fún un, ó fi lé káfíńtà lọ́wọ́, kò sì tètè jù ú sílẹ̀.

"Mi ò tíì lè pè ọ́ lọ́mọ," ló wí. "Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó dá wọ ilé kankan."

"A jọ máa wọlé ni, bàbá," ni káfíńtà dáhùn. "A jọ máa jáde."