Ẹni Tó Lọ Ṣẹ́gi

Ẹ̀jẹ̀ Aneesah nìkan ni wọ́n fà sínú ìgò kékeré tó fi sílẹ̀ ní láàbù, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pè é láàárọ̀, ohun tí wọ́n sọ ni pé ẹ̀jẹ̀ èèyàn méjì ló wà níbẹ̀. Kó tètè máa bọ̀. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un nítorí ìju inú ilé ọmọ, wọ́n sì gbọ́dọ̀ wá ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fà sí i lára sílẹ̀ kí ilẹ̀ òní tó ṣú. Irú ẹ̀jẹ̀ wo ni wọ́n máa wá? Èyí tí kò bá a mu lè pa á lórí tábìlì.

Òun àti Àmúdàtù ìyá rẹ̀ wọ kẹ̀kẹ́ láti Muṣin lọ sí Yábàá. Ó ti rẹ Aneesah ju kí ẹ̀rù bà á lọ.

Ó ti pẹ́ tó ti ń jí bí ẹni tó ru ẹrù wálé. Ọrùn á máa ro ó, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á le, òórùn èéfín á wà nínú irun rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gáàsì ni wọ́n fi ń dáná nílé. Ó ti yẹ ibà wò, ó yẹ ṣúgà wò, ó yẹ kíndìnrín wò. Gbogbo ìwé èsì ló ní kò sí nǹkan kan. Tó bá gba ọ̀kan, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ di alẹ́. Tílẹ̀ bá mọ́, á tún máa fọwọ́ tẹ ọrùn, á máa fetí sí bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù. Ní Ládìpọ̀, níbi tó ti ń rán awọ àga mọ́tò, Àǹtí Tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń pè é. Yẹ̀kínnì tó ń ta táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti fà lára rẹ̀ á ti tó fi se sobo. Ó máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ayọ̀miídé, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, tún un fà lójú wọn. Ó kán an sórí àwo pẹlẹbẹ funfun kan, ó kán oògùn sí i, ó mì í. Lójú Aneesah, ẹ̀jẹ̀ náà pínyà. Apá kan ṣù pọ̀ bí iyanrìn, ìyókù ń ṣàn jẹ́jẹ́ láàárín rẹ̀.

"Àǹtí, bó ṣe ṣe lánàá náà nìyí," ni Ayọ̀miídé wí. "Èyí tó ṣù yẹn, B ni. Èyí tí kò ṣù, O ni."

Ó bi í bóyá wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára rí. Aneesah ní rárá. Ó bi í bóyá ìbejì ni. Ó tún ní rárá, òun nìkan ni ìyá òun bí. Ayọ̀miídé wá ṣàlàyé pé àwọn ìbejì mìíràn a máa pín ẹ̀jẹ̀ fún ara wọn nínú oyún, pé kì í sì í ṣe àìsàn. Ọ̀rọ̀ tí Aneesah ti ń wá láti láàbù dé láàbù nìyẹn. Ó mí kanlẹ̀, ó wẹ̀yìn. Ìyá rẹ̀ ti fi ìborùn bo ẹnu.

"Màámi?"

Àmúdàtù kò wo ojú rẹ̀. Apá tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ ló ń wò.

"Èkejì rẹ lọ ṣẹ́gi." Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń gbàdúrà sínú lọ.

Ayọ̀miídé, ọmọ Èkó pọ́ńbélé, béèrè pé igbó wo ló lọ. Aneesah kò béèrè. Àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ kì í sọ pé ìbejì kú. Bí ọ̀kan bá lọ, wọn á ní ó lọ ṣẹ́gi, kí èyí tó kù má baà tẹ̀ lé e. Wọn á sì máa tọ́jú àwọn méjèèjì nìṣó. Ohun tí wọ́n bá rà fún ọ̀kan, wọn á rà á fún èkejì. Àmúdàtù kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó pọn èyí tó kù, ó wọ ọkọ̀ Èkó, ó sì ń pè é lórúkọ ọmọ tí wọ́n bí lóun nìkan.

"Mo rò pé tí a ò bá dárúkọ rẹ̀, kò ní mọ ọ̀nà ilé."

Òórùn igi tútù tó ń jó gba gbogbo yàrá náà. Ayọ̀miídé dìde, ó lọ wò ó bóyá wáyà kan ló ń jó. Kò rí nǹkan kan. Nígbà tó padà jókòó, ó ní ẹ̀jẹ̀ O lòun máa kọ síwèé.

"Òun ló bá ẹ̀yin méjèèjì mu," ló wí.

Iṣẹ́ abẹ náà lọ dáadáa. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú un délé, ìdì igi ìdáná kan wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, ìrì ṣì wà lára rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń dáná igi nínú ilé náà, kò sì sí ẹni tó rí ẹni tó gbé e wá. Awọ àga mọ́tò ni wọ́n fi dì í. Aneesah di ikùn mú, ó rọra bẹ̀rẹ̀, ó wo kókó tí wọ́n ta sí i. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ta á, wọ́n sì ki etí rẹ̀ bọ abẹ́, bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń parí iṣẹ́ ní Ládìpọ̀.

Ìyá rẹ̀ ń se ẹ̀wà báyìí ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ọ́, abọ́ méjì ló sì ń bù ú sí. Aneesah kò lọ sí láàbù mọ́. Ọrùn ṣì ń ro ó láràárọ̀, ó ṣì ń rẹ̀ ẹ́. Ìdì igi ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ti di mẹ́ta.