Aṣọ Fèrèsé Tó Kọ̀ Tí Kò Ká

Àpótí ti pòórá. Kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ, àmọ́ òun ni ọpọlọ ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n fẹ́ fi han àwọn oníbàárà lọ́la. Òun ni yóò máa pàṣẹ fún aṣọ fèrèsé ilé onígíláàsì: oòrùn kọjú sí ọ, sọ̀ kalẹ̀, oòrùn kọjá, ká sókè.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni, oṣù kejì, ní Schaumburg, lẹ́bàá Chicago. Muminat tó ń gbálẹ̀ ń sunkún.

"Òun ló wọlé kẹ́yìn!" Ọbádáre, ọ̀gá ilé-iṣẹ́, figbe ta. "Mo ti pe ọlọ́pàá."

"Àǹtí, aago méjì ni mo gbálẹ̀ tán," Muminat sọ fún Kàfáyàtù, olórí sẹkiọ́rítì. "Nursing school gbà mí fún oṣù tó ń bọ̀. Tí wọ́n bá mú mi, ó ti bàjẹ́ nìyẹn."

Wọ́n ti tú àpò Muminat. Kò sí nǹkan. Kò sì sẹ́ni tó ń jáde nílé yìí tí wọn kì í tú àpò rẹ̀.

Ó yíjú sí Ọbádáre. "Ọ̀gá, ẹ̀rọ yìí kọ̀ kò ṣiṣẹ́, ó dójú tì yín lọ́sẹ̀ tó kọjá. Tó bá sọnù, ẹ bọ́ lọ́wọ́ ìtìjú ọ̀la."

"Èmi kẹ̀? Láti aago kan lèmi àti Justin, akọ̀wé wa, ti jọ wà ní mítìnì nísàlẹ̀!"

"Ìbéèrè ni mo bi yín, mi ò tíì bú yín."

Yàrá náà kọjú sí ìlà-oòrùn. Láti ọ̀sán ni aṣọ fèrèsé márùn-ún ti ká sókè fúnra wọn. Ẹ̀kẹfà dúró sí ìdajì. Níta, òjìji ilé ti bo gbogbo yìnyín.

"Èmi ni mo fọwọ́ sọ ìyẹn kalẹ̀ o, Àǹtí," ni Daud, ẹnjiníà tó ṣe ẹ̀rọ náà, wí. "Mo kírun Alásàrì níbí, oòrùn ń gún mi lójú. Àpótí ṣì wà lórí tábìlì nígbà yẹn."

Kàfáyàtù rẹ́rìn-ín. "Daud, níbo la ń kọjú sí kírun ní Chicago?"

"Àríwá ìlà-oòrùn."

"Oòrùn Alásàrì ńkọ́?"

Daud yíjú sí fèrèsé.

"Ìwọ̀-oòrùn ló ń wà nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn wa! Èmi náà kírun lónìí. Òjìji mi ló ṣáájú mi forí kanlẹ̀. Ìwọ tó kọ́ ẹ̀rọ ní ọ̀nà oòrùn, ìwọ lo wá ṣì í? Irọ́ rẹ ò tiẹ̀ rìn dé ẹnu ọ̀nà."

Ó tẹ bọ́tìnì. Aṣọ kẹfà gòkè díẹ̀, ó dún gbì, ó há. Kàfáyàtù gun àga, ó ṣí ìdérí irin tí aṣọ ń ká sí. Àpótí já bọ́ sí i lọ́wọ́.

"Ó sọ aṣọ kalẹ̀ kó lè ráyè ti àpótí bọ ẹ̀yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá dẹwọ́ àpò títú, á wá gbé e. Kò rántí pé aṣọ ò ní lè ká mọ́."

Daud jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Ọ̀gá yọ orúkọ mi, ó fi tiẹ̀ nìkan sí i. Mo fẹ́ kójú tì í lọ́la."

"Ọ̀gá ló ṣẹ̀ ọ́. Muminat ńkọ́? O dúró, ò ń wò ó bó ṣe ń sunkún."

Daud kò lè wojú ọmọ náà. Ọbádáre ń wo bàtà ara rẹ̀.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ọlọ́pàá ti dé.

"Ẹ̀yin lẹ pè wọ́n, Ọ̀gá," ni Kàfáyàtù wí, ó di ilẹ̀kùn mú gírígírí. "Ẹ kọ́kọ́ bẹ Muminat ná. Lẹ́yìn náà ni mo tó máa ṣí i."

Lẹ́yìn wọn, aṣọ kẹfà, tí àpótí ò dí mọ́, rọra ká sókè.