Ohùn Kan Náà ní Gbogbo Ilé Àlejò

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Mi ò bù mọ́ ọn, mi ò sì bù kúrò níbẹ̀. Ẹnu Burgi fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, kò sì gbé ojú sókè títí ó fi sọ ọ́ tán.

Ìyá Burgi ń jẹ́ Zenz. Ó wà láàyè, ara rẹ̀ sì le, ní abúlé kan láàárín àwọn òkè Tirol. Àmọ́ Burgi ti sọ fún Severin, ọkọ rẹ̀, pé ìyá òun ti kú. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ìyá tó ń mí!

Kí ni obìnrin náà ṣe fún un? Ilé rẹ̀ ló ń fi gba àwọn tó ń wá fi síkì, pákó gígùn tí wọ́n ń so mọ́ bàtà, yọ̀ lórí yìnyín. Tí ìgbà òtútù bá dé, àlejò á gorí bẹ́ẹ̀dì Zenz àti ti Burgi, ìyá àtọmọ á sọ̀ kalẹ̀ lọ sùn ní yàrá abẹ́ ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ. Zenz á fọ ilé ìtọ̀ àwọn àlejò, á sá bàtà wọn tó rin gbingbin sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Omi ti sọ ọwọ́ rẹ̀ di pupa. Ọwọ́ yẹn ni Burgi ń tijú. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ní ìlú Linz, èékánná rẹ̀ mọ́ tónítóní. Nígbà tí Severin wá béèrè ìyá ìyàwó, Burgi ní, "Wọ́n ti kú." Bó ṣe rọrùn tó nìyẹn.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, nígbà tí yìnyín àkọ́kọ́ ti bọ́, tọkọtaya náà jókòó ti kọfí nílé wọn ní Linz. Wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n, bí gbogbo ilé ibẹ̀ ṣe máa ń tàn án láàárọ̀. Kámẹ́rà tó wà lórí àwọn òkè ń yí díẹ̀díẹ̀, ó ń fi yìnyín hàn, orin abúlé sì ń lọ lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń yan ibi tí àwọn méjèèjì máa lọ fi síkì ṣeré.

"Ibẹ̀ yẹn ńkọ́?" Severin na ṣíbí sí tẹlifíṣọ̀n. "Tirol nìyẹn. Wo bó ṣe funfun."

"Rárá."

"Lọ́dọọdún, rárá. Àbí o ní ọkọ kan níbẹ̀ tó ò ń sá fún?"

"Èrò ti pọ̀ jù níbẹ̀."

"Èrò! Ìwọ tó jẹ́ pé ó dìgbà tí Kérésì bá ku ọ̀la kó o tó lọ ra bàtà láàárín èrò!"

Burgi fi tipátipá rẹ́rìn-ín. Wọ́n fẹnu kò sí Vorarlberg, agbègbè òkè mìíràn tó jìnnà sí abúlé Zenz. Severin wá nọ́ńbà ilé àlejò kan, ó tẹ̀ ẹ́, ó fi fóònù sí sípíkà.

Wọ́n gbé e. Aago ògiri kan ń dún lọ́hùn-ún. Kẹ́. Kẹ́. Kẹ́.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé yàrá wà fún èèyàn méjì?"

"Ó wà," ohùn ìyá àgbà kan dáhùn. "Mo ti ní káwọn àlejò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀. Mo ti dáná."

Ife dúró lọ́wọ́ Burgi. Ó mọ ohùn yẹn. Ó mọ ikọ́ tó tẹ̀lé e.

"Bẹ́ẹ̀dì ta ni, mà?"

Fóònù ti kú.

"Àgbà ti dé sí wọn," Severin ní. "Ká pe òmíràn."

"Ká fi sílẹ̀ dọ̀la."

"Kí ló dé? Ojú ẹ ti funfun."

Severin ti ń tẹ òmíràn. Ilẹ̀ Ítálì ni ìyẹn. Ọkùnrin kan gbé e, ara rẹ̀ yá gágá. "Yàrá wà! Ẹ dúró, ẹ jẹ́ n wo…" Ohùn rẹ̀ já. Kẹ́. Kẹ́. Ikọ́.

"Ṣé Burgi ti jẹun?"

Severin yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Kámẹ́rà ṣì ń yí lórí òkè, àmọ́ orin ti dákẹ́.

"Wọ́n mọ orúkọ ẹ."

"Mo ti kọ̀wé sí wọn rí."

"Sí ibi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí nọ́ńbà ẹ̀?"

"Severin, pa á."

Kò pa á. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ni yín?"

"Bi í," ohùn náà ní. "Ṣebí ó wà níbẹ̀."

Fóònù náà wà láàárín wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tà. Ọ̀rọ̀ kan péré ni Burgi ní láti sọ: "Màmá." Ó sọ fún mi pé kì í ṣe ẹ̀rù ló pa ẹnu òun dé, ìtìjú ni. Ó gbóná láti ọrùn dé etí.

"Mi ò mọ̀ wọ́n," ó ní.

Ẹnì kan mí sínú lọ́hùn-ún. "Ó dáa," ohùn náà dáhùn jẹ́jẹ́. Ó tán.

Severin ń fọ ife tó ti mọ́. Títí Burgi fi sọ ọ́ fúnra rẹ̀, tó dojú kọ ògiri: "Ìyá mi ò kú."

Ọkọ rẹ̀ nu ọwọ́. "Wọ bàtà ẹ. À ń lọ."

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí wọ́n dé abúlé Zenz. Yìnyín gbé gbogbo ìró mì, bàtà wọn pàápàá kò dún. Severin ló ṣáájú. Ó kanlẹ̀kùn. Zenz ṣí i, omi ń kán ní ọwọ́ pupa rẹ̀.

"Severin," ó ní. Kò rí i rí láyé. "Ọkọ ọmọ mi. Wọlé, òtútù mú."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ bá wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù láàárọ̀, mà?"

"Fóònù wo? Yìnyín ti já wáyà wa láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá." Ó wo ẹ̀yìn Severin, ó wo ojú Burgi gan-an, bí ẹni ń wo títì tó ṣófo. "Ìyàwó ẹ ńkọ́? O ò mú un wá?"

"Òun nì…" Severin yíjú. Ó wo ibi tí Burgi dúró. Ó wo òsì. Ó wo ìsàlẹ̀ ọ̀nà. Ẹnu rẹ̀ kò padé mọ́.

"Burgi?" ó pè, bí ẹni ń pe ará ọ̀nà jíjìn.

"Màmá!" Burgi kígbe. "Màmá, èmi nìyí!"

"Atẹ́gùn ń wọlé," Zenz ní. Ó di apá aṣọ ọkọ ọmọ rẹ̀ mú, ó fà á wọlé. Ilẹ̀kùn padé.

Burgi gba ojú fèrèsé wò wọ́n. Ìyá rẹ̀ ń gbé abọ́ ọbẹ̀ gbígbóná kalẹ̀. Severin ń fi ọwọ́ nu gíláàsì, ó ń wo ojú ìyàwó rẹ̀, kò rí i. Burgi kan gíláàsì náà. Ó tún kàn án, kíkan kíkan.

"Ta nìyẹn?" ìyá rẹ̀ béèrè nínú ilé.

Severin wo ìta, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Kò sẹ́nì kankan, Màmá," ó dáhùn. Ọ̀rọ̀ náà kò nira lẹ́nu rẹ̀ rárá.