Ẹni Tó Ń Gbọ́n Omi Ní Ìdájí

Láti ọjọ́ kẹta tí a kó wọ inú ọkọ̀ ojú omi ni mo ti ń gbọ́ tí ọkọ mi ń gbọ́n omi ní ìdájí. Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ó ń fi imú kọrin bó ṣe ń gbọ́n ọn, nítorí ọkọ mi kì í kọrin. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa pàápàá, nígbà tí gbogbo èèyàn ń kọrin, ètè lásán ló ń mì.

Iṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ṣe fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, tó ń ya lẹ́tà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èmi ń ránṣọ. Nígbà tó fẹ̀yìntì, tí àbíkẹ́yìn wa sì ti lọ sílé ọkọ, ó ní òun fẹ́ máa gbé lórí omi. Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni, àfi bó ṣe mú mi lọ sí èbúté, tó fi ọkọ̀ onígbòkun kan hàn mí. Àwọn ọmọ olóògbé kan ló ń tà á. Igi ni gbogbo ara rẹ̀. Ó ní sítóòfù kékeré, tábìlì tó ṣeé ká mọ́ ògiri, àti ibùsùn méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Mo mú ti iwájú kí híhanrun rẹ̀ má bàa sọ mí di adití.

Kí a tó wọlé, a ṣe òfin kan. Nígbà tí a wà lórí ilẹ̀, iṣẹ́ ilé ló ń dá gbogbo ìjà wa sílẹ̀: ta ló fọ abọ́, ta ni kò gbálẹ̀, ta ló ṣe é lánàá. Ọmọ wa obìnrin ní bí a bá gbé irú ìjà yẹn wọ inú ọkọ̀, ọ̀kan nínú wa á bá omi lọ. La bá fẹnu kò pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi yangàn, ẹni tó bá sì rí i pé wọ́n ti ṣe é kò gbọdọ̀ béèrè.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi béèrè. Màá kàn gbọ́ tí agolo ń ha igi nísàlẹ̀ ọkọ̀, màá gbọ́ tí omi dà sínú òkun, agolo á tún ha, omi á tún dà. Màá yí ẹ̀gbẹ́ padà, màá rẹ́rìn-ín músẹ́. Láti san án padà, mo ń fi ìpara ra ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, mo sì ń bá a lẹ ṣẹ́ẹ̀tì tó ti ya. Òun náà yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní orúkọ tó ń pè mí nígbà tó ń wá mi kiri. A ń ti èbúté kékeré kan bọ́ sí òmíràn, a ń kọ́ bí a ṣe ń yí ìgbòkun sí atẹ́gùn, mo sì fi ẹ̀rọ ìránṣọ mi rán èyí tó fàya. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, a kò jà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èmi tí mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé ìfaradà ni ìgbéyàwó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn ara mi bí ọmọge.

Ohun kékeré kan tàbí méjì ni kò bára mu. Bí mo bá gbé tíì fún un láàárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbẹ, ó máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti abẹ́ aṣọ jáde. Lọ́jọ́ kan pàápàá, ó dà bíi pé mo gbọ́ tó ń hanrun lásìkò kan náà tí omi ń dà. Mo ní etí mi ló ń tàn mí jẹ, mo sì padà sùn.

Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kẹta, a ti yí po padà sí èbúté tí a ti ra ọkọ̀ náà. Lọ́jọ́ kejì la fẹ́ gba ojú agbami lọ sí erékùṣù kan, ìrìn ọjọ́ méjì. Ibẹ̀ ni àkọ́bí wa ń gbé, ìyàwó rẹ̀ sì ti bí ọmọ tí a kò tíì fojú rí. Òjò rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, ó jò sórí ibùsùn ọkọ mi, ló bá kó ìrọ̀rí rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi.

Ìró agolo ló jí mi. Ó ha igi, omi dà. Orin náà tẹ̀lé e láti inú imú, orin jẹ́jẹ́ kan tí n kò mọ̀. Ọwọ́ ọkọ mi wà lórí ìbàdí mi.

Mo rò pé ó ń sùn, àfi bó ṣe sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí mi létí.

"Ìyá àwọn ọmọ, ṣé ìwọ rèé?"

"Èmi rèé."

"Ta wá nìyẹn?"

"Ẹ̀yin ni mo rò. Láti ọjọ́ tí a ti débí, ẹ̀yin ni mo rò pé ó ń gbọ́n ọn."

"Èmi náà, ìwọ ni mo rò. Mo ní òtútù ló mú ọ lóhùn."

A di ara wa mú. Nígbà tí ìró náà dáwọ́ dúró, tí ilẹ̀ sì mọ́, ọkọ mi mú sípánà, ó jáde. Mo di ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú lẹ́yìn nítorí n kò lè dá dúró. Kò sí ẹnì kankan. Agolo náà wà ní àyè rẹ̀ lára ìṣó, omi ṣì ń kán lára rẹ̀.

Mo ti ń di ẹrù mi. "Ẹ wò ó, n ò sun ibí mọ́."

Ọkọ mi ń wo agolo. "Dúró ná," ó ní. "Omi wo ló ń gbọ́n?"

"Kí ló kàn mí níbẹ̀?"

"Ó tó ogún agolo láràárọ̀. Ibo ni omi yẹn ń gbà wọlé?"

Kò sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò rí nínú àwa méjèèjì, nítorí oníkálukú rò pé ẹnì kejì ti ń mójú tó o. Ọkọ mi ṣí pákó ilẹ̀ nídìí òpó ìgbòkun. A gbé omi tíì kaná, a sì jókòó ti ibi tó ṣí náà. Kí omi tíì tó hó, omi òkun ti yọ láàárín igi méjì, láìpariwo, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀.

A lọ pe káfíńtà ọkọ̀ tó ní búkà iṣẹ́ létí èbúté. Ó fi àtàǹpàkò tẹ igi náà, àtàǹpàkò rẹ̀ sì wọlé bíi pé búrẹ́dì tó rin lómi ló tẹ̀.

"Ibo lẹ ń lọ lónìí?" ó bi wá.

"Erékùṣù," ọkọ mi ní.

Káfíńtà mi orí. "Ẹ ò ní dé ibẹ̀. Ìgbì ńlá kan ṣoṣo, igi yìí á là."

Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Kì í ṣe ẹkún ìbẹ̀rù. Ara mi ló fúyẹ́, tí n kò mọ ohun tí ǹ bá tún ṣe. Mo rí ọmọ tuntun yẹn lọ́kàn mi, àti àkọ́bí mi tó ń dúró létí omi, tí kò rí wa.

"Ta wá ló ń gbọ́n ọn fún yín?" káfíńtà bi wá. "Bó ṣe jẹrà tó yìí, ó yẹ kó ti rì láti ọ̀sẹ̀ kìíní."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Nígbà tí mo dé ibi orin, ó jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ nìyẹn," ó ní. "Gbogbo wa létí omi yìí la mọ orin imú rẹ̀. Ó wá bá mi pé kí n dí ihò náà. Ó ní kò sẹ́ni tó máa sùn nínú ọkọ̀ òun láìjẹ́ pé òun gbọ́n ọn láàárọ̀, àfi tí mo bá dí i tán. Ìgbà tó ń ti ọ̀dọ̀ mi lọ sílé ló ṣubú lulẹ̀, tó sì kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ò mọ nǹkan kan nípa ihò. Mo ti lọ sí ìdálẹ̀ nígbà tí wọ́n tà á fún yín."

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ṣe é. Ó yọ igi mẹ́ta, ó fi tuntun rọ́pò wọn, ó dí gbogbo ojú rẹ̀ pa, a sì gbé ọkọ̀ padà sórí omi. Ibùsùn iwájú la jọ sùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí òjò.

Ní ìdájí, a jọ lajú. Agolo kò ha igi. Orin kò sí. Mo ń retí, mo sì ń bẹ̀rù ohun tí mo ń retí. Nígbà tó yá, ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ díẹ̀ sí ìhà afárá igi tí a so ó mọ́ ní èbúté, ó dúró ṣinṣin padà, ó sì lékè omi díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bó ṣe máa ń ṣe bí èèyàn tó sanra bá bọ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀. A kò gbọ́ ẹsẹ̀ lórí afárá.

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ọkọ mi sọ. "Ẹ lọ sinmi."

Mo fi orí lé e láyà. Oorun tó gbé wa lọ kò kéré. Oòrùn ti ga kí a tó jí, atẹ́gùn sì dára, la bá tú okùn, a forí lé ọ̀dọ̀ ọmọ wa.