Ohùn Inú Orin Tí Wọ́n Jí

Èmi kì í mutí, n kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ẹlẹ́kún ṣeré. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ. Àwọn tó gbọ́ ọ pẹ̀lú mi wà láàyè. Ẹni tó bá ń lọ sí Adakplamè lè yà lọ bi wọ́n.

Orúkọ mi ni Séidou. Orin ni mo ń gbà sílẹ̀ ní Kétu, nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ọjà. Mo fi tìmùtìmù àti àpò ìrẹsì bo ògiri rẹ̀ kí ariwo zémì, àwọn ọ̀kadà tó ń gbé èrò, má baà wọlé. Bí mo bá ti ilẹ̀kùn, wàá gbọ́ bí ìwọ fúnra rẹ ṣe ń mí.

Ibẹ̀ ni Àdúràọlá ti kọ orin náà.

Ọmọ Adakplamè ni. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Rosalie, ni wọ́n jọ ń kọrin láti kékeré, ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi ìsìnkú, lóko àgbàdo. Àdúràọlá á dá a, Rosalie á gbè é. Nígbà tó yá, Rosalie ní òun ń bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gàbọ́ọ̀n, òun ń lọ wá iṣẹ́. Ó pè lẹ́ẹ̀kan láti etíkun, ó ní ọkọ̀ fẹ́ ṣí. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún. Ìyá wọn kò sunkún, nítorí kò mọ̀ bóyá ẹkún ló yẹ kí òun sun.

Orin tí Àdúràọlá wá kọ lọ́dọ̀ mi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi ń pè. "Níbo lo dé o, ọmọ ìyá mi?" Bó bá ti bèèrè tán, á dákẹ́ díẹ̀ kó tó máa bá orin lọ.

"Ṣé kí n fi ìlù dí ibi tó dákẹ́ yẹn?" mo bi í.

"Ẹ má dí i, ẹ̀gbọ́n. Àyè ẹni tó ń gbè ni."

Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òun nìkan ló kọ orin náà. Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá àfi èmi, èmi kò sì la ẹnu.

Ọkùnrin kan ní Àjàṣẹ́, Mansour, ló náwó sí orin náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbé orin jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn ènìyàn sanwó kí wọ́n tó gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n orin náà kò tíì jáde tán tí àwọn olè fi gbé e. Wọ́n fi í sórí ìkànnì tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ibẹ̀ ó bọ́ sínú fóònù kan, ó tún bọ́ sínú òmíràn. Àwọn ọlọ́zémì ń gbọ́ ọ. Àwọn tó ń pa ẹ̀pà ń gbọ́ ọ. Mansour kò rí nǹkan kan gbà, Àdúràọlá náà kò rí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ọyẹ́ ń fẹ́, Àdúràọlá wọlé tọ̀ mí wá. Kò kí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ fi sínú orin mi?"

"N kò fi ẹnì kankan sí i."

Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Ó ní ọlọ́zémì tó gbé òun ló fún òun ní ẹ̀dà náà, ọlọ́zémì ọ̀hún sì gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo tẹ̀ ẹ́. Orin wa ni, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti há díẹ̀, bíi gbogbo ohun tí wọ́n bá ti dà kọ léraléra. Ó dé ibi ìbéèrè. *Níbo lo dé o, ọmọ ìyá mi?*

Ó dákẹ́.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ omi. Omi púpọ̀, tó ń lu nǹkan. Ohùn obìnrin kan sì wí pé:

"Mò ń bọ̀."

Kò pariwo. Ó dà bí ohùn ẹni tó ti rẹ̀.

Mo ṣí orin tó wà lọ́wọ́ mi, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì dà kọ. Mo gbé etí lé e. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ lásán ni.

"Ohùn Rosalie ni," Àdúràọlá wí. Ó sì rọra jókòó sórí ilẹ̀.

Láti ọjọ́ náà la ti ń wá ẹ̀dà orin náà kiri. Kò pẹ́ tí a fi mọ ìwà rẹ̀. Èyí tí Mansour ń tà kì í sọ̀rọ̀. Èyí tí olè gbà lọ́wọ́ olè ló ń sọ̀rọ̀. Bó bá sì ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn tó, bẹ́ẹ̀ ni ohùn náà ń sún mọ́lé. Nínú fóònù kan, ó ní, "Mo dé Àjàṣẹ́." Nínú òmíràn, tó ti kọjá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó ní, "Mo dé Sakété." Kò sí omi lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ ló ń kọjá. Ẹsẹ̀ sì ń rìn, ẹsẹ̀ ẹni tí kò wọ bàtà.

Ẹ̀rù bà mí. Kò ba Àdúràọlá. Ó ń gbé fóònù náà sáyà bí ọmọ tuntun.

Nígbà náà ni Mansour pè mí. Inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ti bẹ iléeṣẹ́ kan lọ́wẹ̀ ní Kútọnu, iléeṣẹ́ náà sì ní ẹ̀rọ kan tó ti kọ́ gbogbo orin àwọn. Ibikíbi tó bá ti gbọ́ orin náà lọ́wọ́ olè, á pa á rẹ́.

Èmi àti Àdúràọlá gba Àjàṣẹ́ lọ. A bá Mansour nínú ọ́fíìsì rẹ̀.

"Pàtírọ́ọ̀nù, ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orin mi sílẹ̀," Àdúràọlá wí.

"Fún àwọn olè?"

"Fún àwọn olè."

Mansour wò ó títí. "Olórin tí mo kọ́kọ́ gbé jáde ti padà sídìí oko ẹ̀gẹ́. Gbogbo ìlú ló ń kọ orin rẹ̀, kò sì rí ohun tó máa fi tọ́ ọmọ. Olè ló ṣe é, Àdúràọlá. N kò lè bá wọn ṣọ̀rẹ́."

Kò purọ́. Èmi náà mọ olórin ọ̀hún.

Àdúràọlá tẹ fóònù rẹ̀. Ìbéèrè kọjá. Ìdákẹ́jẹ́. Ohùn náà sì wí pé:

"Mo dé Pobè. Ó rẹ̀ mí."

Ọwọ́ Mansour dúró lórí tábìlì. Ó ti gbọ́ ohùn yẹn rí, nígbà tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò jọ ń kọrin.

"Rosalie?" ó ní.

Ó dìde, ó gbé fóònù tirẹ̀, ó bọ́ sí ẹ̀yìn ilé. À ń gbọ́ bó ṣe ń fi Faransé bẹ iléeṣẹ́ Kútọnu náà. Nígbà tó padà wọlé, kò lè wo ojú wa.

"Wọ́n ní àwọn ti yọ orúkọ orin náà kúrò lára àwọn tí ẹ̀rọ á máa pa rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn ti mọ ohùn rẹ. Àwọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń mú un gbàgbé."

Láti ìgbà náà ni orin náà ti ń kú. Ó kúrò lórí àwọn ìkànnì. Lẹ́yìn ìyẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò nínú fóònù pẹ̀lú. Ẹni tó gbọ́ ọ láàárọ̀ á wá a tì lọ́sàn-án. Àdúràọlá kó ìwọ̀nba tó kù, ó gba ọ̀nà Kpankou lọ, láàárín oko, níbi tí íńtánẹ́ẹ̀tì kò ti dé dáadáa. Ó ń bẹ àwọn àgbẹ̀. "Ẹ gbà á. Ẹ fún aládùúgbò yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dà á kọ." Olórin tí wọ́n jà lólè wá di ẹni tó ń bẹ ènìyàn kí wọ́n jí orin òun.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dà yẹn padà bọ́ sí mi lọ́wọ́ ní Kétu. Mo ti ilẹ̀kùn, mo gbọ́ ọ.

"Mo dé Kétu."

Ariwo ọjà wà lẹ́yìn rẹ̀. Láàárín ariwo náà, ọkùnrin kan ń kí oníbàárà pé kó wọlé, kó jókòó. Mo tún un gbọ́. Èmi ni ọkùnrin náà.

Mo ṣílẹ̀kùn, mo wo ìta. Àwọn ènìyàn ń lọ, wọ́n ń bọ̀ nínú eruku pupa. N kò rí ẹni tí mo mọ̀. Bí mo ṣe dúró níbẹ̀, òórùn omi òkun fẹ́ kọjá níwájú mi, ó sì lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo wà nílé wọn ní Adakplamè. Ìyá Rosalie ń yín àgbàdo sínú igbá. Àdúràọlá jókòó tì í. Obìnrin àgbẹ̀ kan láti Kpankou, Gwladys, wọlé bá wa. Fóònù kékeré ló mú dání, èyí tí wọ́n kàn fi ń pe ènìyàn, tí wọ́n sì fi ń gbọ́ orin.

"Wọ́n ní ẹ̀ ń wá orin kan," ó ní. "Èyí tó wà lọ́wọ́ mi kò jọ ti àwọn ará yòókù."

Ó tẹ̀ ẹ́. *Níbo lo dé o, ọmọ ìyá mi?*

Ẹsẹ̀ ń bọ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀. Adìẹ kan ké. Àgbàdo ń bọ́ sínú igbá, wóró, wóró. Ẹsẹ̀ náà dúró.

Kò, kò, kò, lára ilẹ̀kùn.

Ohùn ìyá arúgbó kan wá láti inú fóònù náà. "Ta ni yẹn?"

Kò sí èsì. Ẹnì kan ń mí. Ó pẹ́ tó ń mí. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ náà yí padà, ó ń lọ, ó ń lọ, títí a kò fi gbọ́ ọ mọ́. Àdúràọlá inú fóònù sì ń bá orin rẹ̀ lọ.

Ọwọ́ Ìyá Rosalie ti dúró lórí àgbàdo.

"Ohùn mi nìyẹn," ó ní. "Séidou, ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ kò sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá."

"Àbí n kò tíì sọ ọ́ ni?"

Àdúràọlá ti sáré bọ́ sí ojú ọ̀nà. À ń gbọ́ bó ṣe ń pe orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó pè é títí ilẹ̀ fi ṣú. Gwladys tún tẹ fóònù rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì gbójú sókè wò wá. Orin náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, fóònù yẹn kò ní íńtánẹ́ẹ̀tì rí.

A kò tún rí ẹ̀dà kankan tó ń sọ̀rọ̀ mọ́. Àdúràọlá tún gbé ojúlówó tó wà lọ́wọ́ mi fún àwọn ènìyàn, wọ́n sì dà á kọ káàkiri, ṣùgbọ́n ibi ìdákẹ́jẹ́ náà dákẹ́ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ á ti pa á rẹ́ kí ẹyọ ènìyàn kan tó gbọ́ ọ. Mansour fúnra rẹ̀ ń dúró lẹ́bàá àwọn tó ń ta orin olè ní Àjàṣẹ́. Kò bá wọn jà. Ó ń bi wọ́n bóyá ẹ̀dà kan ṣẹ́kù.

Ìyá Rosalie ní kí wọ́n bá òun yọ ilẹ̀kùn. Wọ́n yọ ọ́. Òjò ń wọlé, ewúrẹ́ ń wọlé, kò gbà kí wọ́n dá a padà. Kò sì bi ẹnikẹ́ni ní "Ta ni yẹn?" mọ́. Bó bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ báyìí, ibi yòówù kó wà nínú ilé, á yára dáhùn pé, "Wọlé, ọmọ mi. Wọlé." Nígbà mìíràn, kò sí ẹnì kankan níta.

Bí mo bá ń lọ síbẹ̀, láti ojú ọ̀nà ni mo ti máa ń ké pé, "Séidou ni o, Ìyá." Mo máa ń yára sọ ọ́, kí ó má baà dìde.