Apẹ̀rẹ̀ Ewé Ẹnu Ẹ̀rọ

Ìyá Onílé dúró létí adágún ìlúwẹ̀ẹ́, ó ń wo omi náà bí ẹni ń wo egbò. Omi tó máa ń mọ́ gaara ti di àwọ̀ ewé. Bàbá Àkọ́bí, ayálégbé rẹ̀, dúró tì í, ó káwọ́ sẹ́yìn. Àkọ́bí fúnra rẹ̀ wà lójú fèrèsé ilé ìdáná, ó ń nu abọ́ tó ti gbẹ tipẹ́.

Ní ìparí oṣù ni onílé àti ayálégbé máa ń jọ rìn yí àgbàlá ká, kí oníkálukú yẹ ohun tó jẹ́ ojúṣe rẹ̀ wò. Àdéhùn wọn kò lọ́jú pọ̀. Igi ńlá, oògùn omi àti ẹ̀rọ tó ń fọ omi jẹ́ ti Ìyá Onílé; Bàbá Olódòdó, àgbàlagbà tó ń bá a ṣiṣẹ́ ọgbà, ló ń mójú tó wọn. Gbígbá àgbàlá àti dída ewé nù kúrò nínú apẹ̀rẹ̀ ẹnu ẹ̀rọ, tó ń gba ewé kó má baà dí ọ̀nà omi, jẹ́ ti ayálégbé. Ọkọ̀ ẹrù ni bàbá Àkọ́bí ń wà, kì í sábà sí nílé. Ìyá rẹ̀ kì í ti ìsọ̀ aránṣọ dé bọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni apẹ̀rẹ̀ ṣe di iṣẹ́ Àkọ́bí.

Iṣẹ́ tí ènìyàn lè ṣe kí omi tó hó lórí iná ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí fóònù, ojú rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Bí bàbá bá pè láti ojú ọ̀nà, tó bi í bóyá ó ti da ewé nù, yóò ní òun ti dà á. Ikún ń jọ̀gẹ̀dẹ̀, ikún ń rèdí. Ikún ò mọ̀ pé ohun tó dùn ló ń pani.

Ẹ̀rọ ti dákẹ́ báyìí. Ìyá Onílé ní ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ń bọ̀ lọ́sàn-án.

"Bó bá jẹ́ ewé ló pa á, ẹ óò wá ilé mìíràn," ni ó wí. "Mi ò lè máa bá ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dúró gbé."

"Ìyá, ọmọ mi kì í purọ́," ni bàbá dáhùn. "Ẹ wádìí lọ́dọ̀ tiyín."

Àkọ́bí gbé abọ́ sílẹ̀. Ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ilé ìwé kò sì jìnnà sí ilé yìí. Bí wọ́n bá lé wọn, ibo ni wọ́n fẹ́ wọ̀? Nígbà tí àwọn méjèèjì yí sí iwájú ilé, ó sáré jáde, ó ṣí ọmọrí, ó ki ọwọ́ bọ inú ewé tó ti jẹrà, tó ń rùn, tó sì ń yọ̀ bí ilá. Ó kó o dà sẹ́yìn ọgbà, ó fọ apẹ̀rẹ̀, ó dá a padà. Ó fọ ọwọ́ títí, òórùn náà kò lọ.

Lọ́sàn-án, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe dé, ó gbé apẹ̀rẹ̀ sókè: ó mọ́ tónítóní. Ó tú ẹ̀rọ, inú rẹ̀ ti jóná. Ó ní ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ láìrí omi fà ni. Bí kì í bá ṣe ewé ló dí ọ̀nà omi, a jẹ́ pé ẹnì kan ló ti ẹnu omi pa, tó gbàgbé láti ṣí i. Bàbá Olódòdó nìkan ló ń ṣí i, òun ló sì ń tì í. Àgbà náà ní ọwọ́ òun mọ́. Ìyá Onílé ní kó kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kó máa lọ.

Bàbá Olódòdó ṣa irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò. Bó ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àkọ́bí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó fi orúkọ àwàdà tó máa ń pè é pè é.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, bá mi máa bomi rin àwọn òdòdó yìí o. Wọn ò tíì mọ̀ pé wọ́n ti lé mi."

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ó dà bíi pé wọ́n fi ọ̀rọ̀ àgbà náà gún Àkọ́bí láyà. Wọ́n jókòó sídìí oúnjẹ alẹ́. Bàbá ń ròyìn fún ìyá Àkọ́bí, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní òun ti sọ ọ́ pé ọmọ òun kì í purọ́. Àkọ́bí kúnlẹ̀.

"Bàbá mi, mo purọ́. Ewé ló pa ẹ̀rọ náà. Èmi ni mo fọ apẹ̀rẹ̀ lówùúrọ̀."

Bàbá dìde. Kò nà án, kò pariwo. Ó wọ bàtà rẹ̀.

"Bọ́ síwájú," ló wí.

Níwájú Ìyá Onílé, bàbá ní kí ó tún gbogbo rẹ̀ sọ, kò sì bá a bẹ̀bẹ̀. Obìnrin náà gbé fóònù fún Àkọ́bí kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún Bàbá Olódòdó. Ó sọ ọ́ tán láìfi nǹkan kan pamọ́. Lọ́jọ́ kejì, àgbà náà padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìyá Onílé dúpẹ́ pé ọmọ náà sọ òótọ́, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà: bí ìdánwò bá ti parí, kí wọ́n kó.

Wọ́n kó lóòótọ́. Ìyá tó ń di ẹrù kò bá Àkọ́bí sọ̀rọ̀ títí ọkọ̀ fi kún.

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ìmẹ́lẹ́ kékeré ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀ràn yìí, irọ́ ló sọ ọ́ di ńlá. Òtítọ́ gba aláìṣẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó dé, kò sì lè tún ohun gbogbo ṣe. Ní ilé tuntun, gbígbá àgbàlá ni iṣẹ́ Àkọ́bí, kì í sì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá a. Síbẹ̀, bàbá kì í bi í bóyá ó ti gbá a. Ńṣe ló máa ń dìde, tó ń lọ wò ó fúnra rẹ̀.